Inú Odò Bẹ́núè ni mo rẹ aṣọ Yà Fánnà sí

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí mọ́tò tó ní ibùsùn nínú ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Wọ́n ṣì ń tún afárá Odò Ọya ṣe ní Onitsha, ọkọ̀ sì tò lọ rẹrẹ lábẹ́ oòrùn. Tọkọtaya òyìnbó kan wà níwájú ọkọ̀ tí mo wọ̀. Bí gbogbo wa ti ń làágùn, ìyàwó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn, ó gbé omi tíì ka orí sítóòfù. Ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń kàwé. Inú mọ́tò!

Mo sún mọ́ wọn. Ìyàwó náà rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ mí, ó bu tíì fún mi nínú ife onírin. N kò tilẹ̀ mọ bí tíì náà ti rí lẹ́nu. Ibi tí bẹ́ẹ̀dì náà ti ń ká pọ̀ mọ́ ògiri ni mo ń wò, mo sì ń fojú wọn gígùn rẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ó lé ínṣì méjì. Wọ́n ní inú aṣálẹ̀ ni àwọn gbà wá. Láti ọjọ́ náà, ọkàn mi kò gbélé mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, kì í ṣe ìtàn mọ́tò ni mo fẹ́ sọ. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi pè mí ní Àlàájì, n kò sì dé Mẹ́kà rí. Mo tan ìyá arúgbó kan jẹ lórí aṣọ tí wọ́n máa fi sin ín. Mo ń kọ ọ́ sí gbangba nítorí pé ìyá náà ló pàṣẹ pé kí n lọ kó orúkọ yẹn kúrò ní gbogbo ibi tí mo gbé e dé. Ẹnu mi nìkan kò lè dé gbogbo ibẹ̀.

Múráínà lorúkọ mi. Ọmọ Ìwó ni mí. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe, bọ́dì lọ́rì ni mo sì ń kàn. Odoakpu ni mò ń gbé, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Nkpor. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ nígbà náà ẹ mọ bí iṣẹ́ ti pọ̀ tó. Gbogbo ayé ń kọ́lé, gbogbo ayé ń kó sìmẹ́ńtì, gbogbo ayé sì nílò lọ́rì. Owó epo rọ̀bì ti ń ṣàn, kò sí ẹni tó fẹ́ kí bọ́dì ọkọ̀ òun pẹ́ lọ́wọ́ káfíńtà.

Mo ra lọ́rì àtijọ́ kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì dára. Ọdún méjì ni mo fi kan ilé sẹ́yìn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Ilé náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlá, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méje ó dín ínṣì mẹ́rin. Igi ìrókò ni mo fi ṣe egungun rẹ̀. Mo fi pákó pẹlẹbẹ sábẹ́ páànù òrùlé, mo fi àyè ínṣì kan sáàárín wọn kí ooru má bàa wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú ojú ìṣàn omi rẹ̀ palẹ̀ kí ó tó dẹ́kun jíjò.

Ìyàwó mi, Rábí, wò mí títí. Ó ní, “Bàbá Sídì, ilé tí à ń gbé kò ní sílíǹgì, ẹ wá ń kan sílíǹgì sí ti mọ́tò.”

Àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ ní ụlọ na-agba ọsọ, ìyẹn ilé tó ń sáré. Onílé wa, Papa Ifeoma, fi ìka gbá ògiri rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. “Múráínà, the day I come ask you for rent, you go just start engine carry your house run.”

Nígbà tí ọyẹ́ mú, mo gbéra. Maiduguri ni mo fẹ́ dé. Ẹgbẹ̀rin máìlì ó dín mẹ́tàdínlógún ni, gẹ́gẹ́ bí mo ti ṣírò rẹ̀ lórí máàpù. Kò sí ọjà tí mo fẹ́ rà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí mo fẹ́ kí. Mo fẹ́ mọ bí ilé náà á ti ṣe lójú ọ̀nà ni. Rábí ní òun kò lè bá mi lọ síbi tí a kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe.

Ẹ̀yin ará mi, ayé dára. Mo ti gbé láàárín Ìbò láti kékeré, mo sì mọ bí wọ́n ti ń ṣe àlejò, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé gbogbo ojú ọ̀nà ló rí bẹ́ẹ̀. Ní Makurdi, apẹja kan tí n kò mọ̀ rí gbé ẹja gbígbóná wá bá mi níbi tí mo páàkì sí. Nítòsí Lafia, ìyá kan ní kí n má dáná nínú mọ́tò bí ẹni tí kò ní ará, ó sì bu oúnjẹ ọmọ tirẹ̀ fún mi. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: ibi tí mo sùn, ẹni tó fún mi lómi, iye máìlì.

Ohun kan ló ń dùn mí. Bí wọ́n bá ti bi mí pé níbo ni mò ń lọ, tí mo ní mò ń dán mọ́tò wò ni, ẹ̀rín ni. Ọlọ́pàá kan lójú ọ̀nà Jos rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣí fìlà. Ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá wo àgbàlagbà tí kò níṣẹ́. Ẹ̀rín yẹn wọ̀ mí lára ju bó ti yẹ lọ.

Ó ku máìlì mẹ́rìnlélógójì kí n dé Maiduguri nígbà tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ṣẹ́. Ìlú kékeré kan ni. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn tó wà níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin jáde láti mọ́sáláṣí, wọ́n yí ọkọ̀ náà ká. Ọ̀kan nínú wọn, Búkàr, tó ń ta ẹja gbígbẹ, fi Hausa bi mí pé níbo ni mò ń lọ. Mo gbọ́ Hausa díẹ̀. Mo rántí ọlọ́pàá yẹn. Àsìkò tí àwọn alálàájì ń lọ ni.

Mo ní, “Mẹ́kà ni.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. N kò gbèrò rẹ̀. Bó ti jáde lẹ́nu mi ni mo ti fẹ́ gbé e mì. Ṣùgbọ́n ojú àwọn èèyàn náà ti yí padà. Wọ́n ń di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń fi pa ojú wọn.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò nílé ìyá Búkàr. Yà Fánnà ni wọ́n ń pè wọ́n; Yà ni ìyá lédè Kànúrí. Wọ́n pa àgbò. Alágbẹ̀dẹ ìlú lu sípíríǹgì náà fún ọjọ́ méjì, kò sì gba nǹkan kan. Màmá fúnra wọn fọ aṣọ mi. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fọ̀ ọ́, wọ́n ní kí n dákẹ́, pé ẹni tó ń lọ kí Ilé Ọlọ́run kì í fọ aṣọ lọ́dọ̀ àwọn.

Màmá wọ inú ọkọ̀ náà. Mo fi bí bẹ́ẹ̀dì ti ń ká hàn wọ́n, mo fi dúrọ́ọ̀mù omi hàn wọ́n. Wọ́n dùbúlẹ̀ wò, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. “Bí ilé yìí bá dé Mẹ́kà, ṣé òun náà á di Àlàájì?”

Ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ ni Màmá gbé aṣọ funfun kan jáde. Yàádì mẹ́wàá ni. Ẹ̀yin Mùsùlùmí ẹ mọ àṣà náà. Wọ́n ní kí n rì í sínú omi Sámúsámù, omi mímọ́ Mẹ́kà, kí n sá a sí oòrùn ibẹ̀, kí n sì gbé e padà wá. Òun ni wọ́n máa fi sin wọ́n.

Wọ́n ní, “Ẹsẹ̀ mi kò lè dé ibẹ̀ mọ́. Kí aṣọ mi dé ibẹ̀.”

Mo gbà á. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á.

Ní Maiduguri, mo fẹ́ ṣe àtúnṣe. Mo wá alálàájì tòótọ́ kan lọ, tó fẹ́ wọ ọkọ̀ òfurufú, kí n lè fi aṣọ náà rán an. Kí n tó la ẹnu, ó ti dì mọ́ mi. “Ìwọ ni onílé lọ́rì! A gbọ́ pé ò ń gba ojú ọ̀nà lọ. Ọlọ́run á mú ọ dé.” Ìròyìn ti ṣáájú mi dé. Tí mo bá fún un láṣọ náà, á bi mí pé kí ló dé tí n kò mú un lọ fúnra mi. Ojú tì mí. Mo tún gbé e padà sínú mọ́tò.

Mo yà sí gúúsù, mo lọ sí Yola. Oṣù márùn-ún ni mo fi kan bọ́dì lọ́rì níbẹ̀. Mo ránṣẹ́ sí Rábí pé mo ríṣẹ́. Nígbà tí àwọn alálàájì ti padà dé tán, mo gbé aṣọ náà lọ sétí Odò Bẹ́núè lọ́sàn-án gangan, mo rẹ ẹ́, mo sì sá a sórí páànù mọ́tò. Omi yẹn náà ló ń ṣàn bọ̀ wá wọ inú Odò Ọya, tó sì ń gba iwájú Onitsha kọjá. Mo mọ èyí dáadáa bí mo ti ń fún aṣọ náà.

Mo fi ọgbọ́n kún un. Mo kọ́kọ́ wọ Maiduguri kí n tó yí padà sí ìlú Yà Fánnà, kí wọ́n lè rí i pé láti ìlà oòrùn ni mo ti ń bọ̀.

Màmá kúnlẹ̀ gba aṣọ náà. Àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ kúnlẹ̀ fún mi. Wọ́n fi pa ojú, wọ́n sunkún, wọ́n sì pè mí ní Àlàájì. Ẹnu wọn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀, kò parí. Búkàr a máa kó ẹja wá sí ọjà Onitsha. Oṣù kan lẹ́yìn tí mo délé, ó wọ Odoakpu, ó ń béèrè ilé Àlàájì onílé lọ́rì. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo Yorùbá àdúgbò ti kún ilé mi, wọ́n ń bá mi dúpẹ́. Rábí dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó wò mí. Èmi náà wò ó, mo sì gbé ojú kúrò. Ó mọ̀ pé Yola ni mo wà. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, òun nìkan ni kò pè mí ní Àlàájì rí ní gbogbo Odoakpu.

Wọ́n fi mí sí ìlà iwájú ní mọ́sáláṣí. Wọ́n ń mú mi lọ sọmọ lórúkọ. Wọ́n ní kí n sọ bí Káábà ti rí. Ẹ jọ̀ọ́, èyí ló burú jù lójú mi: mo sọ ọ́ tìwọ̀ntìwọ̀n. Mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó dé ibẹ̀, mo sì sọ gíga rẹ̀ àti fífẹ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ bàtà lẹ́sẹ̀ bàtà. Èmi tí kì í sọ ìwọ̀n ohun tí n kò wọ̀n, mo wọn ibi tí ẹsẹ̀ mi kò tẹ̀ fún ọdún mẹ́fà.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Búkàr dé sílé wa gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Àwa méjèèjì jọ ń jẹun nínú àwo kan. Ó ní ó ti ń rẹ màmá òun, ṣùgbọ́n inú wọn dùn. Ó ní gbogbo Jímọ̀ ni wọ́n ń sá aṣọ náà, àwọn obìnrin àdúgbò a sì máa wá fọwọ́ kàn án.

“Ìyàwó àbúrò mi tí kò tíì bímọ fi bo ikùn lọ́sẹ̀ tó kọjá,” ni ó wí.

Irọ́ mi ti kan àwọn obìnrin mìíràn náà. Mo fi ọwọ́ sílẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Búkàr yọ ọwọ́ kúrò nínú àwo. “Ẹ tún un sọ.”

Mo tún un sọ.

“Odò wo?”

“Bẹ́núè. Ní Yola.”

Ó fọ ọwọ́, ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Ẹ má sọ fún wọn. Mo bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kú pẹ̀lú ayọ̀ wọn.”

Rábí jáde láti ilé ìdáná. “Bàbá Sídì, ẹ lọ sọ fún wọn. Ó pé ọdún mẹ́fà tí mo ti ń retí ọjọ́ yìí.”

Papa Ifeoma ti gbọ́ wa láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wọlé, ó bọ́ fìlà. “Múráínà, you remember your big saw wey you leave for my hand when war start? I sell am, buy salt. The day you come back, I no even give you chair before I tell you. You vex, we chop, e finish. Six years! My brother, wetin you dey keep am for?”

Lọ́jọ́ kejì, mo tún sípíríǹgì ṣe, mo yí ọ́ọ́lì padà. Èmi àti Búkàr jọ gbéra. Ọjọ́ mẹ́rin la lò lójú ọ̀nà, bóyá ni ó fi bá mi sọ ọ̀rọ̀ ogún. Nígbà tí a dé, ó ní òun kò ní dí mi lọ́nà, ṣùgbọ́n òun kò ní wọlé tẹ̀lé mi.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ ọ́. Yà Fánnà kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, wọ́n pè pé kí wọ́n gbé oúnjẹ wá fún mi. Inú mi dùn. Mo rò pé wọ́n ti dárí jì mí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí dúpẹ́.

Wọ́n ní, “Oúnjẹ, ti àlejò ni. Ìdáríjì, tèmi ni. Kò tíì jinná.”

Mo jẹ oúnjẹ náà. N kò jẹ oúnjẹ tó ṣòro tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ojú mi ni wọ́n ṣe pe Búkàr wọlé, tí wọ́n ní kó gé aṣọ náà, kí wọ́n fi rán ẹ̀wù fún àwọn ọmọ-ọmọ. Wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn obìnrin tó ti fọwọ́ kàn án, wọ́n sì sọ òótọ́ fún wọn fúnra wọn. Mo bẹ̀ wọ́n kí n ra aṣọ tuntun. Wọ́n ní ọwọ́ mi kò gbọ́dọ̀ kàn án. Nígbà tí àkókò Háàjì dé, àbúrò ọkọ wọn ló gbé aṣọ mìíràn wọ ọkọ̀ òfurufú, ó sì ti padà dé. Wọn kò ní fi omi odò sin màmá mọ́. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn.

Mo padà lọ lẹ́ẹ̀kejì láti bẹ̀ wọ́n. Wọ́n bi mí pé kí ni àwọn ará ìlú mi ń pè mí. Mo ní Àlàájì ni.

“Síbẹ̀síbẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, màmá.”

“Ilé mi ni o ti gbé e. Lọ kó o kúrò lẹ́nu wọn. Bí ẹnu wọn bá mọ́, kí o wá, a ó wo ìkòkò.”

Mo délé. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ lèmọ́ọ̀mù wa, mo sì dìde láàárín mọ́sáláṣí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà ni télọ̀ kan ké láti ẹ̀yìn pé, “Àlàájì Bẹ́núè!” Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan kò rẹ́rìn-ín rárá. Ìyá àgbà kan dúró dè mí níta, wọ́n ní, “Ìwọ lo ṣe àdúrà ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ mi. Kí la fẹ́ ṣe sí ìyẹn báyìí?” Lèmọ́ọ̀mù ní Ọlọ́run ni a gbàdúrà sí, kì í ṣe èmi, kí ọkàn wọn balẹ̀. Wọ́n sì ní kí n máa lọ sí ìlà ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni mo wà títí di òní.

Ṣùgbọ́n ẹnu èèyàn ṣòro láti tún ṣe ju sípíríǹgì lọ. Àwọn oníṣòwò pákó láti Asaba, àwọn awakọ̀ Enugu, àwọn ará Ìwó tó ń kọjá, wọ́n ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá pè mí bẹ́ẹ̀, mo ń dá a dúró, mo sì ń sọ ìtàn náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan bínú. Oníbàárà méjì ti gbé iṣẹ́ wọn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi. N kò ní dákẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí mo tàn, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin tí ẹ fún mi ní iwájú níbi tí ẹ̀yìn tọ́ sí mi, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin tí n kò lè bá pàdé, bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń pe Múráínà káfíńtà ti Nkpor ní Àlàájì, ẹ bá mi sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà kí ó yá, kí màmá tó lọ, ẹ kọ̀wé sí mi. Mo ṣetán láti ṣe é.

Mo ń kà á. Ní oṣù tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹni mọ́kànléláàádọ́rin ló pè mí ní Àlàájì. Oṣù tó tẹ̀lé e, mẹ́rìnlélógójì. Oṣù tó kọjá, mẹ́sàn-án. Oṣù yìí ku ọjọ́ mẹ́ta kó parí, ẹni méjì péré ni.